Láti Kérésìmesì dé Yídì: Òṣùwọ̀n Ìpè Tó Tọ́ fún Orúkọ Ọdún Nínú Gẹ̀ẹ́sì Tí À Ń Sọ ní Ìwáyà

Ìfáárà

Orúkọ ọdún wà lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ ń dé ẹnu ọmọ Yorùbá. Kí ọmọdé tó mọ lẹ́tà kan kọ, ó ti ń pe Kérésìmesì, ó ti gbọ́ Easter, Boxing Day àti Sallah lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀, lórí rédíò, nílé ìjọsìn àti lọ́jà. Nígbà tó bá dé kíláàsì ni wọ́n á wá sọ fún un pé bó ṣe ń pè é láti kékeré kò tọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì fi í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rù àtilanu sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú èrò. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí à ń fi ọgbọ́n yanjú, nítorí ẹ̀sìn, ìrántí àti ọ̀wọ̀ ló wà nínú orúkọ ọdún.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló yẹ ká fi mọ̀ pé ẹnì kan pe orúkọ ọdún dáadáa nígbà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì? Èrò wa ni pé òṣùwọ̀n mẹ́ta ló wà. Èkíní, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ èdè tó ń sọ lọ́wọ́, kó má da òfin ìró èdè kan pọ̀ mọ́ ti èkejì. Èkejì, kí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ ará Kánò, ará Àkrá tàbí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù, lóye ohun tó gbọ́ láì ní kí wọ́n tún un pè. Ẹ̀kẹta, kí ìpè náà bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni ọdún. Sísín ohùn òyìnbó jẹ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti fi èyí hàn, a ó gbé ìlànà ìró Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn orúkọ ọdún tí ìjọba fi ń fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi, àti díẹ̀ lára orúkọ ọdún ìjọ.

Ìwáyà, àwùjọ elédè púpọ̀

Ìwáyà wà ní agbègbè Yábà, ní Lagos Mainland. Ọgbà Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sà wà lápá kejì. Oníkè àti Makoko jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Àdúgbò tí ilé ẹ̀kọ́ yí ká ni. Queen's College, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1927, kò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Ní Yábà yìí kan náà ni ọ́fíìsì WAEC ti Nàìjíríà wà, àjọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1952 láti máa ṣe ìdánwò fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni.

Ṣùgbọ́n Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ni ọmọ Ìwáyà ń gbọ́. Létí ọ̀sà, àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ ló ń pẹja, tí wọ́n ń yan ẹja tà. Àwọn Ègùn ní ẹbí ní Àgbádárìgì, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnù. Ẹni tó bá kàwé ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnù, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ, Noël ló sì mọ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá sí. Àwọn Ígbò tí wọ́n ń ṣòwò ládùúgbò ń pe ọjọ́ náà ní Ekeresimesi. Àwọn Hausa ń pè é ní Kirsimeti. Ọmọ kan ṣoṣo lè gbọ́ gbogbo ìwọ̀nyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tún gbọ́ Christmas lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni ká wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí etí rẹ̀ ṣófo. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti ya ìpè kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún un, kó mọ èyí tó jẹ́ ti èdè wo.

Kérésìmesì kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Sílébù Yorùbá kò ju oríṣi mẹ́ta lọ: fáwẹ̀lì nìkan, kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì, àti kọ́ńsónáǹtì aránmú aṣesílébù. Yorùbá kò gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kò sì gbà kí kọ́ńsónáǹtì kẹ́yìn sílébù. Sílébù méjì péré ni Christmas ní nínú Gẹ̀ẹ́sì. K àti r ṣù pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, s ló sì kẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan. Kó tó lè wọ Yorùbá, fáwẹ̀lì ní láti wọ àárín k àti r, òmíràn ní láti tẹ̀ lé s kọ̀ọ̀kan. Bí sílébù méjì ṣe di márùn-ún nìyẹn. Òfin yìí kan náà ló sọ bread di búrẹ́dì, tó sọ class di kíláàsì, tó sọ stove di sítọ́fù. Adébísí Salami ti ṣàlàyé ìlànà fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì irú àwọn ọ̀rọ̀ àyálò bẹ́ẹ̀ láti 1972.

Ohùn ọ̀rọ̀ náà pàápàá kò ṣẹlẹ̀ lásán. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn bíi ti Yorùbá; sílébù kan ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Nínú iṣẹ́ tí Michael Kenstowicz gbé jáde ní 2006, ó fi hàn pé sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì bá tẹ̀ mọ́ ni Yorùbá sábà máa ń fún ní ohùn òkè. Sílébù àkọ́kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́ nínú Christmas, orí "kéré" sì ni ohùn òkè wà nínú Kérésìmesì. Kò sí ohùn òkè lórí ìyókù. Àwọn tó kọ́kọ́ yá ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n gbọ́ wọlé ní ìlànà èdè wọn.

Yorùbá nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kurisumasu ni àwọn ará Japan ń pè é, nítorí èdè tiwọn náà kò fẹ́ ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Ní erékùṣù Hawaii, níbi tí èdè ìbílẹ̀ kò ti ní r tàbí s, Kalikimaka ni. Kò sí onímọ̀ èdè kan tó máa sọ pé àwọn wọ̀nyí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Àwọn míṣọ́nnárì bíi Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, àti àwọn Sàró tó ń ti Sierra Leone padà wálé lásìkò kan náà, ló mú orúkọ ọdún Gẹ̀ẹ́sì wọ ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti fi àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣe tirẹ̀. Oníwàásù tó ń wàásù ní Yorùbá, tó wá ń tiraka láti pe Christmas bí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù láàárín gbólóhùn rẹ̀, kò tún èdè náà ṣe. Kérésìmesì ni ìpè tó tọ́ níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ wa ti inú èyí jáde. Tí èdè bá yí padà, ìpè ní láti yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó pe sílébù márùn-ún ti mú òfin Yorùbá lọ síbi tí kò ti ṣiṣẹ́. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò nílò ìtìjú, ìmọ̀ ló nílò.

Lẹ́tà t tí a kò gbọdọ̀ pè

Àṣìṣe kejì lórí Christmas yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́, àwọn tó kàwé ló sì ń ṣe é jù. Wọ́n ń pe t tó wà láàárín rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, ọ̀rọ̀ méjì ni orúkọ yìí jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Cristes mæsse, ìyẹn ìsìn Máàsì ti Kírísítì, wọ́n sì ń pe t rẹ̀ nígbà náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìró t pa jẹ láàárín s àti m, bó ti pa jẹ nínú listen, castle àti whistle. Lẹ́tà náà ṣì wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu ti jù ú sílẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀mọ̀wé Yorùbá ṣì ń pè é? Ìdáhùn wà nínú ọ̀nà tí à ń gbà kọ Yorùbá. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ti ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní 1875, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ìpìlẹ̀ àkọsílẹ̀ wa ni pé kí lẹ́tà dúró fún ìró. Ohun tí a bá rí la ń pè. Ẹ̀kọ́ rere ni, ó sì mú kí kíka Yorùbá rọrùn fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì á máa pe ohun tí kò sí. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí Ash Wednesday, tí àwọn kan ń pe d àkọ́kọ́ inú rẹ̀, àti Palm Sunday, tí wọ́n ń fi ahọ́n wá l inú rẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò pe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Níbí ni Kérésìmesì ti ń jẹ́rìí tó lágbára: kò sí t kankan nínú rẹ̀. Etí ni wọ́n fi yá a, kì í ṣe ojú. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Yorùbá yá orúkọ Kírísítì, t wọlé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ìró t wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ìyá tí kò kàwé, tó ń tajà ní Ìwáyà, tó ń kí oníbàárà rẹ̀ kú ọdún Kérésìmesì, ti pa òtítọ́ kan mọ́ nípa ìpè Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀mọ̀wé tó ń pe t ti sọ nù. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní fi Kérésìmesì ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Á kọ ọ́ sójú pátákó, á ní kí àwọn ọmọ wá t inú rẹ̀, wọn ò ní rí i, ẹ̀kọ́ náà á sì wọlé.

Ibi tí ohùn ti ń tẹ̀ mọ́, ibi tó ti ń gùn

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpè wa àti ti òyìnbó ló yẹ ká máa jà lé lórí. Nínú ìwé tí Jennifer Jenkins gbé jáde ní 2000, ó wádìí ohun tó ń mú kí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn má gbọ́ra wọn yé. Ó rí i pé ìró th kò pọn dandan, bẹ́ẹ̀ ni pípe fáwẹ̀lì ní ráńpẹ́ nínú sílébù tí wọn kò tẹ̀ mọ́ kò pọn dandan. Àwọn tó pọn dandan ni gígùn àti kúkúrú fáwẹ̀lì, ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ tí agbára ohùn bọ́ sí nínú gbólóhùn. Ìwádìí yìí wúlò fún wa gan-an.

Ẹ mú Thanksgiving àti Mother's Day. Yorùbá kò ní th. T ni a máa ń fi rọ́pò rẹ̀ nínú èkíní, d nínú èkejì. Kò sẹ́ni tí kò ní mọ ọdún tí à ń sọ. Bákan náà ni p inú Pentecost, tí ẹnu Yorùbá máa ń pè bíi p inú "pápá", ìró tí ètè àti àfàsé jọ ń gbé jáde; olùgbọ́ kò ní ṣì í mú. Sílébù kejì Christmas wà ní ipò yìí pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtìkó máa ń pe fáwẹ̀lì rẹ̀ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n a máa ń pe tiwa kún ẹnu. Adenike Akinjobi ti Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí bí Yorùbá tó kàwé kì í dín fáwẹ̀lì kù nínú irú sílébù bẹ́ẹ̀. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà wà. Kò dára kí a gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn tẹ̀ mọ́ kì í ṣe ohun àfojúfò. Nínú Epiphany, sílébù kejì ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà á sì dàrú létí ẹni tí kò bá wa gbé. Nínú Independence Day, sílébù "pen" ni. Nínú Good Friday, orí Friday ni agbára wà. Ẹni tó bá tẹ Good mọ́lẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi Jímọ̀ kan wé òmíràn. Nínú Boxing Day, Boxing ló gba agbára, ó kù díẹ̀ kí Day má gba ohun kankan. Yorùbá tó mọ̀ pé ìgbá, igbá àti igba kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ti ní etí tó lè gbọ́ irú ìyàtọ̀ yìí. Kí olùkọ́ kàn sọ fún un pé ipò agbára ohùn ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe fún wa.

Gígùn fáwẹ̀lì náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ Easter gùn. Ẹnu wa lè ṣe é, nítorí a ń fa fáwẹ̀lì nínú eérú, nínú oògùn àti nínú aájò. Valentine ń fẹ́ v, tí Yorùbá kò ní, tí a sì máa ń fi f rọ́pò. Nítorí v àti f ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí a kọ́ ọ. Ìró v náà tún wà nígbẹ̀yìn June Twelve, ọjọ́ tó rọ́pò 29 oṣù Karùn-ún gẹ́gẹ́ bí Democracy Day láti 2019, nítorí ìdìbò tí M.K.O. Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀ ní 1993. Ìṣùpọ̀ méjì ló wà nínú Twelve, tw níbẹ̀rẹ̀, lv nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi fáwẹ̀lì la tw ṣì lè yé èèyàn; ẹni tó bá gé v kúrò nígbẹ̀yìn ti dín ọ̀rọ̀ náà kù. Àfikún fáwẹ̀lì kò burú tó ìpajẹ kọ́ńsónáǹtì, Jenkins náà sì sọ bẹ́ẹ̀.

Eid: ìpè tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀

Òṣùwọ̀n kẹta, ìyẹn ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ni ọdún, hàn gbangba lórí Eid. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ń tan ojú jẹ. Ẹni tó ti mọ eight àti weigh á rò pé ei inú Eid bá tiwọn mu, á sì pè é bí ẹni fẹ́ pe "aid". Ìpè tó tọ́ ni èyí tí fáwẹ̀lì rẹ̀ dún bíi ti Easter, ó gùn, ó sì jẹ́ i tààrà. Bó ṣe wà nínú Lárúbáwá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi í lélẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ ọ́ ní Id, kí ojú má bàa tàn wọ́n jẹ.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ ní Ìwáyà kíyè sí ni pé Mùsùlùmí Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tó máa kọ́ ọ ní fáwẹ̀lì yìí. Yídì ni à ń pe pápá tí wọ́n ti ń kírun ọdún, láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà. Ìró ọ̀fun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní Lárúbáwá kò sí nínú Yorùbá, kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Y ni àwa fi rọ́pò rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kàn fò ó ni. Ṣùgbọ́n i wà níbẹ̀ gedegbe. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sí Yídì láàárọ̀ Iléyá, tó wá dé kíláàsì tó pe Eid bí "aid", ti fi ìmọ̀ ilé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó gbà pé ìwé òyìnbó mọ̀ jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ká wa lára gan-an ni èyí.

Fitri náà nílò àlàyé. Àwọn kan máa ń sọ pé Fitr ni kí a pè, pé i tó gbẹ̀yìn Eid-el-Fitri jẹ́ àfikún Yorùbá tàbí ti Hausa. Ó ràn wá lọ́wọ́ láti pè é lóòótọ́, nítorí tr kò rọrùn láti fi kẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka Lárúbáwá ní kíkún mọ̀ pé i náà tọ́ níbẹ̀, nítorí ipò tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú àpólà. Kí ẹnikẹ́ni má fi í bú ẹnikẹ́ni. Ní ti Kabir inú Eid-el-Kabir, sílébù kejì ló gùn, òun ni kí a tẹ̀ mọ́. Sallah sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà gbà láti inú Hausa. Ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n láti Sókótó dé Èkó kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó tọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì wa.

Ìṣẹ̀ṣe: nígbà tí orúkọ ọdún bá jẹ́ tiwa

Tí a bá ní kí Yorùbá pe ọdún onílẹ̀ bí onílẹ̀ ṣe ń pè é, ó yẹ kí òfin náà de Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí 20 oṣù náà jẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Nínú ìkéde Gẹ̀ẹ́sì, Isese ni wọ́n ń kọ, láìsí àmì lórí, láìsí àmì lábẹ́. Ẹni tó ń ka ìròyìn tí kò bìkítà á pe s níbi tí ṣ wà, á sì pe e níbi tí ẹ wà. Kò sí àwáwí fún èyí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ní ìró ṣ nínú shoe, ó sì ní ẹ nínú bed. Ìró tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì ni a lè dárí jì. Èyí tó wà, àìbìkítà ni.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun kò yàtọ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ àkójọ ogún àgbáyé UNESCO ní 2005, oṣù Kẹjọ sì ni ọdún rẹ̀ máa ń wáyé. Síbẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì a máa pe Osun pẹ̀lú s, bí ẹni tí kò mọ odò náà rí. Ẹ̀yọ̀, tó jẹ́ ti Ìsàlẹ̀ Èkó, ń bọ́ lọ́wọ́ ohùn rẹ̀ bákan náà, ó ń di Eyo lẹ́nu àwọn tó bí i. Ọmọ tí wọ́n bá wí ní kíláàsì nítorí Christmas, tí kò sẹ́ni tó bá a wí nítorí Ìṣẹ̀ṣe, ti gba ẹ̀kọ́ kejì tí olùkọ́ kò kọ sínú ìwé: pé orúkọ ẹlòmíràn ló tó ṣọ́, tirẹ̀ kò tó nǹkan.

Ilé-iṣẹ́ ìròyìn ní ipa púpọ̀ níbí. Ní 1926 ni BBC yan ìgbìmọ̀ kan tó gbà á nímọ̀ràn lórí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ lórí afẹ́fẹ́, ó sì ní ẹ̀ka tó ń wádìí bí orúkọ ènìyàn àti ìlú kárí ayé ṣe ń dún kí akéde tó pè é. Bí ilé-iṣẹ́ Bìrìtìkó bá lè ṣe ìyẹn fún orúkọ àjèjì, kò yẹ kó ṣòro fún ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Èkó láti ní àkójọ orúkọ ọdún tó ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, kí àwọn akéde máa wò ó kí wọ́n tó lanu.

Àtakò méjì

Àwọn kan á sọ pé òyìnbó ló ni Gẹ̀ẹ́sì, pé bí wọ́n ṣe ń pè é ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìkan ló tọ́. Àmọ́ ìpè tí Daniel Jones kọ sínú ìwé atúmọ̀ ìpè rẹ̀ ní 1917, tí a fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ìgbà pípẹ́, ìpè ìwọ̀nba ènìyàn ni ní Bìrìtìkó pàápàá. Peter Trudgill fojú bù ú ní 1974 pé nǹkan bíi 3% péré ló ń sọ ọ́. Láti 1971 ni Ayọ̀ Bánjọ ti pín Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà sí ìsọ̀rí mẹ́rin, ó sì dábàá ìsọ̀rí kẹta gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe fún ilé ẹ̀kọ́: èyí tí ayé gbọ́, tí àwùjọ wa náà kò sì kà sí ìgbéraga. Àwọn òṣùwọ̀n wa kò jìnnà sí tirẹ̀.

Àwọn mìíràn á sọ pé kí olúkúlùkù máa pè é bó ṣe wù ú, níwọ̀n ìgbà tó bá ti yé ará àdúgbò rẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìwáyà kò ní máa gbé Ìwáyà títí ayé. Á lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, á dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́, á ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ tí kì í ṣe ti Yorùbá. Ẹni tó bá sọ pé kò nílò ìpè tí ayé gbọ́ ti fi àǹfààní dù ú, bó ti wù kó dà bí ìfẹ́.

Ohun tó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe

Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC ní Nàìjíríà, ìwé kẹta ni wọ́n fi ń dán ìpè wò, pẹ̀lú ìbéèrè 60 tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣa ìdáhùn sí lórí ìwé. Ó lè gba gbogbo rẹ̀ láìlanu rárá. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ ṣe ń fi ìpè kọ́ni bí ẹni ń kọ́ni ní lẹ́tà, tí akẹ́kọ̀ọ́ á mọ àmì fáwẹ̀lì gígùn lórí ìwé ṣùgbọ́n tí kò ní fà á lẹ́nu. Ìdánwò tó ń wọn ìpè gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn. Bí owó àti ènìyàn kò bá tó láti ṣe é fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìdánwò àṣekágbá, ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é nínú máàkì tí wọ́n ń gbà ní táàmù kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ ọdún ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo ìṣòro ìpè Gẹ̀ẹ́sì ló pé sínú wọn, ọmọ sì ti mọ ìtumọ̀ wọn. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ní kí ọmọ pe orúkọ náà ní èdè ilé rẹ̀, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Ègùn tàbí Ígbò, kí wọ́n ka sílébù rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n ka tirẹ̀, kí wọ́n wá ibi tó tẹ̀ mọ́ àti lẹ́tà tí kò dún. Nígbà tí ọmọ bá rí i pé Kérésìmesì àti Christmas ní òfin tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á lè lo méjèèjì láìbẹ̀rù. Yunifásítì Èkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ fonẹ́tíìkì nínú ọgbà lè bá àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwáyà ṣe iṣẹ́ yìí láìrin ìrìn àjò.

Kí olùkọ́ ṣe é ní àsìkò ọdún kọ̀ọ̀kan, nígbà tí orúkọ náà wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, kó kọ Yídì àti Eid sójú pátákó pa pọ̀. Lóṣù Kẹjọ, kó kọ Ìṣẹ̀ṣe pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kó sì pè é bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni kí wọ́n kọ́ ọ ní ìpè tí ayé gbọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tó bá wá láti ilé dójú tì í.